Pentax K1000 àlòkù: bọ́tìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n fíìmù àkọ́kọ́ tí mo fi sí i bàjẹ́

Àbíkẹ́ Bódìjà:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ra kámẹ́rà Pentax K1000 kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ ní Ìbàdàn níbí. Lẹ́ńsì 50mm f/2 wà lójú rẹ̀ (nọ́ńbà f ni ó ń sọ bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó, bí ó bá ṣe tóbi tó ni ihò ń kéré tó), àpò awọ ni wọ́n sì fi dì í, àpò náà ń rùn bí aṣọ tí a ká nígbà tí kò tíì gbẹ. Mo fi fíìmù Kodak Gold 200 kan sínú rẹ̀, mo yà á tán, mo sì gbé e lọ fún àwọn tí ń fọ fíìmù. Nígbà tí àwọn fọ́tò náà jáde, inú mi bàjẹ́.

Ohun tí mo ṣàkíyèsí nìyí. Abẹ́rẹ́ mítà, ìyẹn ohun tí ń wọn ìmọ́lẹ̀, tí ó wà lápá ọ̀tún nínú ihò ìwòran kì í mira rárá, bí mo tilẹ̀ ti fi bátìrì LR44 tuntun sí i. Ọmọrí ilé bátìrì náà le koko kí ó tó ṣí, ìpẹtà aláwọ̀ ewé ni mo sì bá nínú rẹ̀. Ìlà pupa rúsúrúsú kan wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò náà. Mẹ́rin tí mo fi ìyára 1/1000 (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) yà ṣókùnkùn ní apá kan, bí ìgbà tí ènìyàn fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìdajì lẹ́ńsì. Nígbà tí mo ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, ohun dúdú kan tí ó ń lẹ̀ bí ọ̀dà kùn mí lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi ọṣẹ fọwọ́ kí ó tó kúrò. Bí mo bá sì gbé lẹ́ńsì náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, mo ń rí okùn funfun tín-ín-rín nínú rẹ̀ tí ó dà bí òwú aláǹtakùn.

Ẹni tí ó tà á fún mi ní kí n kán epo máṣíìnì ìránṣọ díẹ̀ sí ibi tí dígí inú kámẹ́rà ti ń gbéra, ó ní ara rẹ̀ yóò yọ̀. N kò tíì ṣe é. Irú kámẹ́rà yìí ni bàbá mi fi ya gbogbo fọ́tò ìgbà èwe wa, tirẹ̀ ti sọnù, mo sì fẹ́ kí èyí tí mo rí rà yìí padà ṣiṣẹ́. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Bàbá Ayàwòrán:

Àbíkẹ́, ọmọ mi, o ṣeun tí o kò kán epo sí i. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ fọ́tò ní Abẹ́òkúta, kámẹ́rà mẹ́ta ni mo sì ti fojú ara mi rí tí irú epo bẹ́ẹ̀ pa. Epo máṣíìnì kì í dúró síbi tí a bá kán an sí. Yóò máa rìn díẹ̀díẹ̀ lórí irin títí yóò fi dé ara aṣọ ṣọ́tà, eruku yóò lẹ̀ mọ́ ọn nígbà ọyẹ́, ohun tí ó ń yọ̀ lónìí yóò sì di gọ́ọ̀mù lọ́dún tí ń bọ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí ṣọ́tà náà ṣe rí, kí o lè mọ ohun tí ó ṣe fọ́tò mẹ́rin yẹn. Aṣọ dúdú méjì tí wọ́n fi rọ́bà kùn ni, wọ́n ń sáré tẹ̀lé ara wọn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Aṣọ kìíní ń ṣí ojú fíìmù, aṣọ kejì ń tẹ̀lé e láti pa á dé. Bí o bá yan 1/60, èkíní ti ṣí tán pátápátá kí èkejì tó gbéra. Ṣùgbọ́n bí o bá yan 1/1000, àyè tóóró kan péré ni ó wà láàárín wọn, àyè yẹn sì ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kan fíìmù bí wọ́n ti ń sáré lọ. Bí gíríìsì àtijọ́ bá ti gan, tí aṣọ kìíní ń lọ́ra, èkejì yóò lé e bá lójú ọ̀nà, àyè náà yóò pa dé, ibi tí ó kù nínú fọ́tò yóò sì ṣókùnkùn.

Má jẹ́ kí mítà tí kò ṣiṣẹ́ dẹ́rù bà ọ́. Láti ọdún 1976 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe K1000 títí di 1997 tí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró, irin àti sípíríǹgì ni ó ń darí ṣọ́tà rẹ̀. Mítà nìkan ni ó ń lo bátìrì. Ẹni tí ó bá mọ oòrùn wa lè fi í yàwòrán láìsí bátìrì rárá.

Kí o tó fi irin kankan kàn án, yọ lẹ́ńsì kúrò, ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, dojú kọ fèrèsé lọ́sàn-án, kí o sì máa tẹ bọ́tìnnì ní ìyára kọ̀ọ̀kan bí o ti ń wo ojú ihò náà láti ẹ̀yìn. Má fi ìka kan aṣọ náà. Ní 1/1000, ṣé ìmọ́lẹ̀ ń kọ mànà dé etí méjèèjì? Ní 1, ṣé ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó fi ń ṣí lóòótọ́? Kí o sì mú nẹ́gátíìfù náà, má wo fọ́tò tí wọ́n tẹ̀, nítorí àwọn tí ń tẹ fọ́tò a máa tún àwọ̀ ṣe. Wo ìlà pupa yẹn bóyá ó dúró sínú férémù, tàbí ó kọjá wọ àwọn ihò etí fíìmù.

Àbíkẹ́ Bódìjà:

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Mo ti ṣe é ní àárọ̀ yìí. Ní 1/1000, ẹ̀gbẹ́ kan ni ìmọ́lẹ̀ ti ń hàn, ẹ̀gbẹ́ kejì dúdú kirikiri. Ní 1/500, ó dé etí méjèèjì, bẹ́ẹ̀ náà ni ní àwọn ìyára tí ó kéré sí i. Ṣùgbọ́n ní 1, mo ka ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́ta kí ó tó padé, ó ń kùn bí aago tí wáyà rẹ̀ ń tán lọ. Ìlà tí ó wà lára nẹ́gátíìfù kọjá férémù, ó wọ inú àwọn ihò náà.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham:

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Àbíkẹ́, ìlà tí ó bá ti wọ ihò etí fíìmù kò gba ojú lẹ́ńsì wọlé, nítorí ìmọ́lẹ̀ ojú lẹ́ńsì kì í kọjá férémù. Àwọ̀ rẹ̀ náà ń sọ ọ̀nà tí ó gbà wọlé: nínú fíìmù aláwọ̀, ìpele tí ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa ni ó súnmọ́ ẹ̀yìn jù lọ, nítorí náà ohun tí ó bá ti ẹ̀yìn wọlé, òun ni yóò kọ́kọ́ kàn. Ohun kan tún wà níbẹ̀. Lẹ́ńsì a máa yí àwòrán po, òsì a di ọ̀tún, òkè a di ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì fọ́tò rẹ, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni nínú kámẹ́rà bí o bá wò ó láti ẹ̀yìn, ibẹ̀ gan-an sì ni àgbékọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn K1000 wà. Fóòmù tí wọ́n fi dí ẹ̀gbẹ́ àgbékọ́ náà ti jẹrà, òun ni ó kùn ọ́ lọ́wọ́ bí ọ̀dà.

Mo ti pààrọ̀ fóòmù kámẹ́rà mẹ́fà lórí tábìlì ìdáná mi níbí, mo sì lè sọ bí mo ṣe ń ṣe é. Mú igi ìgbálẹ̀ kan, gé orí rẹ̀ ní gígùn dọ́gba, kí o wé òwú díẹ̀ mọ́ ọn. Ti ọtí isopropyl bọ òwú náà, fún un kí ó má ṣe máa kán, kí o wá máa fi ha inú kòtò tóóró tí ó wà lókè àti nísàlẹ̀ ibi tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń wọ̀. Fóòmù náà yóò kọ́kọ́ rọ̀, yóò di ẹrẹ̀ dúdú, lẹ́yìn náà ni yóò máa ká jáde. Òwú kan kò tó. Emi a máa lo bíi ogún kí èyí tí ó kẹ́yìn tó jáde ní funfun. Fi pépà tí ó mọ́ bo aṣọ ṣọ́tà ní gbogbo àsìkò tí o bá fi ń ṣe é, nítorí ẹyọ fóòmù kan tí ó bá já wọ ibẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ aṣọ náà.

O kò nílò láti ra ohun ìdí láti òkè òkun. Okùn òwú ìhunṣọ dúdú ni mo ń tẹ̀ sínú kòtò tóóró náà, ó sì ń dí ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Fún ẹ̀gbẹ́ àgbékọ́ tí ó fẹ̀ díẹ̀, àrán dúdú ni ó dára jù. Gé e bí ó ti fẹ̀ tó, fi téèpù tí ó ń lẹ̀ lójú méjèèjì mú un, kí o sì rí i pé ilẹ̀kùn ń padé láìfi agbára tì í. Àwọn aránṣọ ní Gbági yóò fún ọ ní àjákù àrán lọ́fẹ̀ẹ́.

Fóòmù kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé, ìyẹn ẹ̀là kékeré tí dígí ń gbá orí lé bí ó bá gbéra. Tí òun náà bá ti rà, ó lè di dígí mú lókè. Dojú kámẹ́rà délẹ̀ nígbà tí o bá ń yọ ọ́, kí èérún rẹ̀ máa já síta. Dígí yẹn kò rí bí èyí tí a fi ń wojú: ojú rẹ̀ gan-an ni fàdákà rẹ̀ wà, bí o bá fi òwú nù ún yóò ha. Pátákó tí ó wà lókè rẹ̀, tí àwòrán ń hàn sí, má jẹ́ kí ọtí kán sí i.

Bàbá Ayàwòrán:

Ọmọ Ẹ̀gbá, o kú iṣẹ́. Ní ayé tiwa, sípírítì tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ni a ń lò, kò sì sí èyí tí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ mi.

Délé Onírédíò:

Ẹ má bínú o, Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi sọ ọ́. Sípírítì yẹn a máa fi àbàwọ́n sílẹ̀ bí ó bá gbẹ, ó sì lè ba ọ̀dà ara kámẹ́rà jẹ́. Àwọn tí ń tún fóònù ṣe ní gbogbo ìlú ni wọ́n ní isopropyl, wọn kò sì ní kọ̀ láti bu díẹ̀ fún un.

Ti bátìrì ni mo bá wá. Ohun aláwọ̀ ewé tí Àbíkẹ́ bá nínú ilé bátìrì ni omi inú bátìrì tí ó jò, tí ó sì jẹ bàbà ibẹ̀. Omi bátìrì alkaline kì í ṣe ásíìdì, òdìkejì ásíìdì ni, ìdí nìyẹn tí ohun kíkan fi ń pa á. Fi òwú tí o ti bọ omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà nù ún. Yóò hó díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí kò bá hó mọ́, fi òwú mìíràn tí ó ní omi mímọ́ díẹ̀ nù ún, kí o fi isopropyl tẹ̀lé e, kí o sì jẹ́ kí ó gbẹ dọ́jọ́ kejì. Fi pépà iyanrìn tí ó kúnná ha ibi tí bátìrì ń fara kàn títí irin rẹ̀ yóò fi máa dán, àti inú ọmọrí náà pẹ̀lú, nítorí òun náà ni iná ń gbà kọjá.

Bí abẹ́rẹ́ kò bá mira lẹ́yìn ìyẹn, wáyà ni. Ìpẹtà náà a máa rìn nínú wáyà lábẹ́ rọ́bà rẹ̀, ìta rẹ̀ yóò dára lójú, inú rẹ̀ yóò ti di ẹfun. Gbé e wá sí Òṣogbo tàbí kí o wá onírédíò tí ọwọ́ rẹ̀ tutù ní Ìbàdàn. Sikúrúù kéékèèké ni ó di abẹ́ kámẹ́rà náà mú, ti Japan ni wọ́n, orí wọn kò rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí a mọ̀. Sikurudíráfà lásán yóò jẹ orí wọn.

Bàbá Ayàwòrán:

Òótọ́ ni Délé sọ nípa sípírítì, mo gbà. Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ abẹ́ kámẹ́rà náà: ibẹ̀ ni a ti ń yí sípíríǹgì tí ó ń fa aṣọ ṣọ́tà méjèèjì le tàbí rọ̀. Ẹni tí ó bá ń jó wáyà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wọn. Ọ̀pọ̀ ń yí i le nítorí kí 1/1000 lè ṣiṣẹ́, gbogbo ìyára tí ó kù a sì dàrú.

Ti lẹ́ńsì, ó ti bu, bí bàtà awọ ṣe ń bu bí a bá gbé e sábẹ́ ibùsùn nígbà òjò. Àpò awọ yẹn ni ó ń bọ́ ọ, nítorí awọ a máa gba ọ̀rinrin mọ́ra. Gbé àpò náà jìnnà sí i láti òní lọ. Okùn díẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní hàn nínú fọ́tò, àfi bí o bá dojú kọ oòrùn, tí àwòrán á fi ṣe fúkẹ́fúkẹ́. Má tú lẹ́ńsì fúnra rẹ, nítorí bí dígí inú rẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀ péré, kò ní mú ojú mọ́. Fi kámẹ́rà sínú ike tí ó ní ọmọrí líle, kí o kó àwọn àpò kéékèèké agbọ̀rinrin tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà sí i.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham:

Bàbá, àwọn kan níbí ń sá lẹ́ńsì sí oòrùn láti pa á.

Bàbá Ayàwòrán:

Oòrùn lè dá a dúró kí ó má hù sí i, ṣùgbọ́n ohun tí ó ti jẹ lára ọ̀dà dígí kò ní padà. Bí Àbíkẹ́ bá fẹ́ ṣe é, kí ó yọ ọ́ kúrò lára kámẹ́rà, kí ó sì jókòó tì í, nítorí lẹ́ńsì tí oòrùn bá gbà kọjá lè jó ìwé àti aṣọ.

Fún ìyára tí ó ń lọ́ra, máa tẹ bọ́tìnnì ní 1 àti 1/2 ní ìgbà ogójì lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, láìsí fíìmù. Ẹ̀rọ tí ó ti dákẹ́ pẹ́ a máa jí díẹ̀díẹ̀.

Àbíkẹ́ Bódìjà (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta):

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo fẹ́ ròyìn bí ó ti ń lọ.

Ọmọrí ilé bátìrì ti ń ṣí wẹ́rẹ́. Kọ́bọ̀ àtijọ́ kan tí ìyá mi fi pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ ni mo fi ń yí i, nítorí kò sí owó ẹyọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ hó lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò mira. Onírédíò kan ní àdúgbò wa tú abẹ́ rẹ̀, ó ní bí òun ti fọwọ́ kan wáyà náà ni ó já sí òun lọ́wọ́, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé sì dà jáde nínú rẹ̀. Ó fi òjé jó wáyà tuntun sí i. Bí a ti fi bátìrì sí i, tí mo yọ ìdérí lẹ́ńsì, abẹ́rẹ́ náà gbéra láti ìsàlẹ̀, ó sì dúró sókè. Mo pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

Àrán àti òwú ìhunṣọ ti wọ ibi tí fóòmù wà. Ìyára 1 ti kúrò ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó ti súnmọ́ ọ̀kan àti díẹ̀.

Mo wá ya fíìmù Ilford HP5 Plus 400 kan, mo sì fọ̀ ọ́ fúnra mi nílé pẹ̀lú D-76, òògùn tí a fi ń fọ fíìmù. Omi ẹ̀rọ wa gbóná jù, nítorí náà omi inú ọ̀rá tí ó ti wà nínú fíríìjì ni mo pò mọ́ ọn títí ó fi di 20°C lórí tẹmomítà, mo sì fi ìṣẹ́jú méje àbọ̀ fọ̀ ọ́. Kò sí ìlà kankan lára nẹ́gátíìfù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹyọ kan tí mo fi 1/1000 dán wò ṣì ṣókùnkùn ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Ohun tí kò yé mi ni fọ́tò ìyá mi. Mo yà á nínú léèsì funfun níwájú ògiri funfun, abẹ́rẹ́ wà ní àárín gbùngbùn, síbẹ̀ ojú rẹ̀ dúdú tí a kò fi lè rí ẹyinjú rẹ̀. Ṣé mítà náà ṣì ní àbùkù ni?

Bàbá Ayàwòrán:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìwọ àti onírédíò yẹn. Mítà rẹ kò ní àbùkù. Ohun gbogbo tí ó wà nínú ihò ìwòran ni ó ń pò pọ̀ wọ̀n, ó sì gbà pé àpapọ̀ wọn kò funfun jù, kò dúdú jù. Léèsì funfun àti ògiri funfun ni ó rí, ó rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó ní kí o dín in kù, ojú ìyá rẹ ni ó sì san gbèsè náà. Bí a ti ń ya ìyàwó ní ọjọ́ ìgbéyàwó ni kí o ṣe: súnmọ́ ọn títí ojú rẹ̀ yóò fi kún ihò ìwòran, yí òrùka nọ́ńbà f tí ó wà lára lẹ́ńsì títí abẹ́rẹ́ yóò fi dé àárín, kí o wá padà sẹ́yìn, kí o sì yà á láìka ohun tí abẹ́rẹ́ bá ń sọ nígbà náà sí. Lára ojú aláwọ̀ dúdú, mítà lè fún ọ ní ìmọ́lẹ̀ tí ó pọ̀ díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n HP5 a máa gba ìyẹn mọ́ra.

Bí o bá fẹ́ dá mítà náà lójú, jáde lọ́sàn-án gangan nígbà tí ojú ọ̀run mọ́, fi 400 síbi ìwọ̀n fíìmù, 1/500 àti f/16, kí o dojú rẹ̀ kọ koríko tútù tí oòrùn ń ràn sí. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà nítòsí àárín. Nígbà ọyẹ́, f/11 ni yóò jẹ́.

Nípa 1/1000, fi í sílẹ̀. Láti tún un ṣe, a ní láti tú gbogbo rẹ̀, kí a fọ gíríìsì àtijọ́ kúrò, kí a sì fi ẹ̀rọ wọn ìyára aṣọ méjèèjì, owó iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò sì ju iye tí o rà á lọ. Ìwọ náà rí i pé 1/500 àti f/16 tó fún fíìmù 400 lábẹ́ oòrùn wa tí ó mú jù lọ.

Àbíkẹ́ Bódìjà:

Mo ti dán an wò lórí koríko iwájú ilé wa ní aago méjìlá ọ̀sán yìí, abẹ́rẹ́ dúró díẹ̀ péré sí òkè àárín. Mo ti lẹ téèpù pélébé kan mọ́ orí 1000 kí ọwọ́ mi má baà yí i débẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni n ó tún ìyá mi yà, nínú léèsì kan náà, níwájú ògiri funfun kan náà, n ó sì fi nẹ́gátíìfù méjèèjì síbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.